New Bussa kọ́ ni wọ́n bí bàbá mi sí

Ojú ìwé kẹta nínú ìwé ètò ìsìnkú bàbá mi, ìlà àkọ́kọ́: "A bí Bàbá wa ní ìlú New Bussa ní ọdún 1938." Èmi ni mo kọ ọ́. Èmi náà ni mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbé e fún àwọn atẹ̀wé, tí wọ́n tẹ 250 ẹ̀dà, pẹ̀lú fọ́tò Bàbá nínú agbádá sányán níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ní 2013, bí a ṣe ń pín oúnjẹ lọ́wọ́, bàbá àgbàlagbà kan tó wá láti Ìlọrin fi ọwọ́ pè mí. Wọ́n ti ṣí ìwé náà sílẹ̀ lórí itan wọn. Wọ́n fi èékánná lé ìlà yẹn, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlú tí o kọ síbí yìí, kò sí i láyé nígbà tí wọ́n bí bàbá rẹ."

Mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Ẹ ṣé, Bàbá," mo bá wọn wá ohun mímu tútù, mo bá tèmi lọ.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí ìtìjú ọ̀rọ̀ yẹn tó bá mi. Ẹ̀kọ́ ni mo ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀kọ́ nípa Mungo Park àti àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò mìíràn tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ láti ọdún gbọọrọ: pé Bussa ni ó kú sí nínú Odò Ọya ní 1806, pé Clapperton dé ìlú náà ní 1826, pé àwọn Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, gba ibẹ̀ kọjá ní 1830. Mo ti kọ "Bussa" sójú pátákó kí ọwọ́ mi tó dúró. Bussa wo? Bí Bussa kan bá wà ní 1806, kí ló dé tí èyí tí mo kọ sínú ìwé Bàbá fi ń jẹ́ New?

Mo ń kọ èyí nítorí pé púpọ̀ nínú yín ló máa jókòó lọ́jọ́ kan kọ irú ìwé yẹn fún òbí yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ṣubú.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe dáàmù Kainji, ìdènà omi tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, lórí Odò Ọya, wọ́n mọ̀ pé omi tó bá ṣẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ máa gba Bussa àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé tó wà ní bèbè odò, àti àwọn erékùṣù tó wà láàárín odò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun kan sí nǹkan bíi 40 kìlómítà sí ti àtijọ́, ìyẹn New Bussa. Ní oṣù kẹjọ 1968 wọ́n ti ẹnu dáàmù, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá, adágún ti kún. Bíi 44,000 ènìyàn ni wọ́n kó kúrò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi nígbà náà. Àwọn ẹbí tiwa kò bá wọn lọ sí ìlú tuntun. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n kó ẹrù wọn padà sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Gbogbo èyí kì í ṣe àṣírí. Bàbá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé wa, etí wa ni kò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, Bàbá á pariwo nínú òkùnkùn: "Odindi ìlú wa ni wọ́n rì sábẹ́ omi nítorí iná yìí, wọ́n tún ń mú un lọ mọ́ wa lójú!" A máa rẹ́rìn-ín. Àwàdà la kà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ọyẹ́ bá ti mú, ní nǹkan bí oṣù kejìlá, Bàbá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Omi dúdú á ti dé báyìí." Ìbẹ̀rù ni ìyẹn máa ń kó bá wa nígbà tí a wà ní kékeré. Àbúrò mi ọkùnrin gbà pé iwin ni Omi Dúdú, kì í sì í dá lọ sílé ìyàgbẹ́ lálẹ́ títí oṣù kìn-ín-ní fi máa ń tán.

Nígbà míràn Bàbá á sọ̀rọ̀ Fógè. Fógè ni erékùṣù gígùn kan nínú odò, lọ́nà Yelwa. Ìyá wọn máa ń wọ ọkọ̀ onígi lọ ra alùbọ́sà lọ́dọ̀ àwọn ará erékùṣù, á gbé Bàbá dání nítorí pé ọmọdé ń mú owó ọjà rọ̀. Mi ò béèrè rí bóyá Fógè ṣì wà. Mi ò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ní fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ lọ́wọ́ kí Bàbá tó kú; ohùn wọn kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni ìgbà tí wọ́n ń bèèrè bóyá mo ti fi káàdì sí i.

Nígbà tí mo fẹ́ wá ìwé nípa Bussa àtijọ́, ọ̀fíìsì ìjọba ni mo kọ́kọ́ gbà lọ, ìyẹn sì ni owó àkọ́kọ́ tí mo fi ṣòfò. Mo lọ sí Ìlọrin nítorí mo mọ̀ pé lábẹ́ Ìlọrin ni Borgu, agbègbè tí Bussa wà, wà látìgbà òyìnbó, àti pé inú ìpínlẹ̀ Kwara náà ló wà lẹ́yìn 1967. Akọ̀wé kan gbé ojú sókè wò mí, ó ní Borgu ti lọ sí ìpínlẹ̀ Niger ní 1991, kí n gba Minna lọ. Mo gba Minna lọ. Ní Minna, wọ́n ní ìwé tó bá ti ṣáájú 1991, Ìlọrin ló yẹ kó wà. Mo jókòó sí gáréèjì Minna mo ń jẹ búrẹ́dì, mo ń ṣírò iye tí mo ti ná. Tí ẹ bá ń wá ìwé nípa ilẹ̀ kan, kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ kọ́kọ́ kọ ibi tí ilẹ̀ náà wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọdún tí ẹ ń wá sílẹ̀, kì í ṣe ibi tó wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ní ti Bàbá, nǹkan tó tọ́ kí n kọ sínú ìwé ni Bussa, Borgu, lábẹ́ Ìlọrin. Kò sí ìpínlẹ̀ Niger, kò sí Kwara, kò sí New.

Olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà mí. Wọ́n ní ẹ̀dà àwòrán ilẹ̀ kan tí wọ́n yà kí dáàmù tó dé. Mo ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú àwòrán tuntun tí mo ní, mo wá lẹ méjèèjì mọ́ gíláàsì fèrèsé kí oòrùn lè tàn wọ́n láti ẹ̀yìn. Lórí ti àtijọ́, odò náà dà bí okùn tó ń ká lọ ká bọ̀, Fógè sì nà gbọọrọ láàárín rẹ̀. Lórí ti tuntun, gbogbo ibẹ̀ jẹ́ búlúù kan náà. Mo fi pẹ́ńsùlù fa etí Fógè sínú búlúù yẹn. Mo sọ fún ara mi pé ó ti kú nìyẹn, ó ku kí n lọ wo sàréè rẹ̀.

Oṣù kìn-ín-ní 2014 ni mo lọ, nítorí ìgbà yẹn ni mo ráyè gba ìsinmi. Ìyẹn nìkan ni ìdí. Mo gba Jẹ́bà àti Mokwa kọjá. Ní Jẹ́bà mo yà wo òpó ìrántí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Mungo Park àti Richard Lander. Mo dúró níbẹ̀, mo ń rò ó pé òpó ṣì wà tí à ń wò, ibi tí Park kú sí ti wà nísàlẹ̀ omi pẹ̀lú ìlú bàbá mi.

Nígbà tí mo rí adágún náà, ẹsẹ̀ mi di. Mo ti kà á pé ó gùn tó bíi 136 kìlómítà, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í dẹ́rù ba ènìyàn. Mi ò rí òdìkejì. Ọyẹ́ ti bo gbogbo ibẹ̀, atẹ́gùn ń gbé ìgbì dìde bí ẹni pé òkun ni. Mo wá ọlọ́kọ̀ kan, mo ní kó gbé mi lọ sí Fógè. Ọmọkùnrin náà gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó wò mí, ó wo omi, ó ní, "Màmá, Fógè kò sí báyìí. Ẹ padà wá tí òjò bá dé."

Ṣé ẹ rí ẹni tó bá ń sọ òótọ́ fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́? Mi ò gbọ́. Mo rò pé ó ń fẹ́ owó sí i. Mo fi owó kún un, ó gbé mi. Kò sí jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì nínú ọkọ̀ náà, mi ò sì béèrè. A ò tíì lọ tó wákàtí kan nígbà tí nǹkan kan gbá ìdí ọkọ̀ gbọ̀ọ́, tí omi tú wọlé títí dé kókósẹ̀ mi. Kùkùté igi ni. Wọn kò gé gbogbo igi tán kí omi tó dé ní 1968. Àwọn kan ṣì dúró nísàlẹ̀ títí di òní, ẹni tó bá wà lórí omi kò sì lè rí wọn. Ọmọkùnrin náà ń fi igbá gbọ́n omi, ó ń kọrin. Èmi ń ka Sáàmù. Nígbà tí ọkọ̀ kan tó ń lọ sí ọjà Warra dànù lórí adágún yìí kan náà ní 2021, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn bá a lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè jẹun dáadáa.

Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nípa ẹja pípa ní New Bussa títí ó fi fẹ̀yìn tì ló là mí lọ́yẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní omi méjì ló ń wá sínú Ọya níbẹ̀ lọ́dún. Àkọ́kọ́ ni omi òjò ilẹ̀ tiwa, tó máa ń dé láti oṣù kẹjọ. Ó máa ń gbé ẹrọ̀fọ̀ dání, àwọ̀ rẹ̀ a rí bí omi ẹ̀kọ, òun ni wọ́n ń pè ní omi funfun. Èkejì ń bọ̀ láti òkè ọ̀hún ní Guinea. Ó máa ń pẹ́ kó tó gba Mali kọjá, ibẹ̀ ló ń da ẹrẹ̀ inú rẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá máa fi dé Yelwa àti Bussa, ọyẹ́ ti mú, omi náà sì ti mọ́ tó fi dúdú.

"Òun ni wọ́n ń pè ní omi dúdú," ó ní.

Mo bú sẹ́kún níwájú àjèjì. Mi ò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Gbogbo oṣù kejìlá tí Bàbá fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí Odò Ọya kò ti sí nítòsí, kàlẹ́ńdà ìlú tí kò sí mọ́ ni wọ́n ń kà. Àwa rò pé iwin ni.

Ó fi kún un pé àwọn tó ń darí dáàmù máa ń jẹ́ kí adágún kún dé góńgó ní nǹkan bí oṣù kejì, wọ́n á wá máa fà á wálẹ̀ fún iná títí di oṣù keje tàbí ìkẹjọ. Láàárín méjèèjì, omi lè fi nǹkan bíi mítà 10 wálẹ̀. Ìyẹn ju ilé alájà méjì lọ. Bussa kò ní yọjú nínú ìyẹn, nítorí ó jìn nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n Fógè ń yọjú. Lọ́dọọdún ni Fógè ń rì, tó tún ń jáde. Èmi ti fi pẹ́ńsùlù sin ín.

Mo padà lọ ní oṣù keje. Lọ́tẹ̀ yìí mo ra jákẹ́ẹ̀tì tèmi láti ilé. Ọmọkùnrin ọjọ́sí náà ló tún gbé mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tí ó fi ọwọ́ nà án pé "Fógè nìyẹn," ohun tí mo rí ni koríko. Koríko burugu, tútù yọ̀yọ̀, gbọọrọ bí ojú ṣe lè rí i, màlúù ń jẹ nínú rẹ̀, àwọn ẹyẹ funfun ń tẹ̀ lé màlúù. Mo sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi rì dé orúnkún sínú ẹrọ̀fọ̀ tó ń gbóná lókè tó sì tutù nísàlẹ̀. Mo fa ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, bàtà kò bá a jáde. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú ihò yẹn láti wá a, àpáàdì ni mo bá níbẹ̀: ẹnu ìkòkò amọ̀, tí wọ́n fi nǹkan bí èékánná tẹ̀ ní àtẹ̀yíká. Mo fi omi ṣàn án, mo wò ó, mo dá a padà síbi tí mo ti mú un. Mi ò rí bàtà náà mọ́.

Abúlé kan létí omi ni wọ́n mú mi lọ, lọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó gbé nínú àwọn erékùṣù kí 1968 tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àwọn àṣìṣe tó dùn mí jù. Mo bẹ̀rẹ̀ nípa pípe ìyá náà ní Háúsá, nítorí pé Háúsá ni ògbufọ̀ mi fi ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ìyá náà mi orí. Wọ́n ní Háúsá ló ń pe àwọn ní Gungawa, ìyẹn ará erékùṣù, ṣùgbọ́n Reshe ni àwọn. Wọ́n wá bi mí bóyá Háúsá lèmi náà, níwọ̀n bí mo ti gba ẹnu Háúsá sọ̀rọ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí mi.

Mo tún bèèrè ìbéèrè tí àwọn oníròyìn máa ń bèèrè: báwo ló ṣe rí lára yín nígbà tí omi gba ilẹ̀ yín? Ìyá dákẹ́. Ògbufọ̀ tún un bèèrè. Wọ́n ní, "Ó dára." Ìyẹn nìkan. Kí ni kí wọ́n sọ? Èmi náà, tí wọ́n bá bi mí báwo ni ikú bàbá mi ṣe rí lára mi, "A dúpẹ́" ni màá sọ.

Ọ̀rọ̀ alùbọ́sà ló ṣí ilẹ̀kùn. Mo kàn bèèrè báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ìyá náà sún mọ́ iwájú. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe ilẹ̀ fún mi: bí omi ṣe ń fà sẹ́yìn ni àwọn ń tẹ̀ lé e, tí wọ́n ń gbin alùbọ́sà sójú ẹrẹ̀ tútù, tí wọ́n ń fi igbá bomi rin ín nígbà tí ilẹ̀ bá ń gbẹ. Omi mọ ìgbà rẹ̀, àwọn náà mọ ìgbà tiwọn. Lẹ́yìn dáàmù, omi wá ń lọ nígbà tó yẹ kó máa bọ̀, ó ń bọ̀ nígbà tó yẹ kó ti lọ. Ẹja pọ̀ lọ́dún bíi méjì àkọ́kọ́, wọ́n ní gbogbo ayé ló di apẹja, kó tó wá dín kù. Àwọn ilé sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ́ fún wọn ńkọ́? Ó móoru. Wákàtí méjì ni ìyá yìí fi sọ̀rọ̀.

Mo wá ba nǹkan jẹ́. Mo bèèrè bóyá wọ́n rántí obìnrin Yorùbá kan tó máa ń gbé ọmọkùnrin kan dání wá ra alùbọ́sà. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àyà mi là. Mo ní, ṣé ó ga? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó pupa? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ti ń wá aṣọ ìnujú nígbà tí ọkàn kan sọ fún mi pé kí n yí i padà. Mo ní, àbí kúkúrú ni, tó dúdú? Ìyá náà wò mí tàánútàánú, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Àlejò ni mí, mo ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń fún mi ní ohun tí mo bá wá. Àtìgbà náà, mi ò ní ìgbàgbọ́ nínú "bẹ́ẹ̀ ni" ẹnikẹ́ni tí mo bá ti fi ìdáhùn sí lẹ́nu, títí kan tàwọn ẹbí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ìyá bàbá mi ga. Kò sí fọ́tò wọn.

Ti ohùn tí mo gbà sílẹ̀, kí n má fi àkókò yín ṣòfò: fáìlì kan ṣoṣo ni mo gba wákàtí méjèèjì sí, bátìrì kú kí ó tó fi ara rẹ̀ pamọ́, gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹ sì mú bíírò àti ìwé dání. Òun ni mo fi kọ ohun tí mo rántí ní òru yẹn, lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì, ní ibi tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí dáàmù tó ń tan iná fún gbogbo wa. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ síbẹ̀ lónìí láì kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀, nítorí àwọn agbébọn ti gba inú igbó yẹn.

Nígbà tí mo délé, Ìlọrin ni mo kọ́kọ́ lọ, mo kúnlẹ̀ fún bàbá ọjọ́ ìsìnkú yẹn, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Àwọn àti Bàbá jọ dàgbà ní Bussa ni. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ New Bussa. Nígbà tí Bàbá ń kọ fọ́ọ̀mù ìfẹ̀yìntì, wọ́n kọ Bussa síbẹ̀, akọ̀wé ní kò sí Bussa nínú ìwé òun mọ́, New Bussa ló wà. Bàbá jà jà jà. Lẹ́yìn náà Bàbá ní kí akọ̀wé kọ ohun tó bá wù ú, kí owó sáà ti jáde.

Mo bèèrè bí omi ṣe dé. Wọ́n ní kò dé bí àgbàrá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gun òkè, bí ìgbà tí ènìyàn ń pọn omi kún àmù. Ogun Bìáfúrà ni gbogbo rédíò ń sọ, kò sẹ́ni tó rántí Bussa. Àwọn kan kò gbà pé ó máa dé ilé wọn. Bàbá padà lọ lẹ́ẹ̀kan kí omi tó dé ilé tiwa, wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá ìyá wọn, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ onígi.

"Ilẹ̀kùn náà dà?" mo bèèrè.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà ilé ara rẹ̀. "Ṣé òun kọ́ ni ẹ fi ń ti ilé adìyẹ yín?"

Òun ni. Mo ti tì í, mo ti ṣí i láti kékeré.

Ẹ̀dà bíi 60 ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi nínú ìwé ìsìnkú náà. Bíírò aláwọ̀ búlúù ni mo fi ń fa igi sórí "New" nínú wọn, lẹ́yọ lẹ́yọ. Tí mo bá lọ kí ẹbí, màá ní kí wọ́n mú tiwọn wá, màá fà á níbẹ̀. Àǹtí mi kan ní Òkè-Àdó wò mí títí mo fi ṣe é tán lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe ń lọ gbogbo ibi tí mo ń lọ yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, "Àti alùbọ́sà, o ò rà bọ̀."